ATA TÚTÙ LÓRÍ ỌLỌ, ÀLÀÁFÍÀ NÍNÚ ILÉ

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ ata la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tọkọtaya tó ń wá sọ́dọ̀ wa láti Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, owó ọbẹ̀ ló ń da ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn rú. Ọkọ á ní owó tí òun gbé kalẹ̀ tó. Ìyàwó á ní kó bá òun dé ọjà, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ!

Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ tòmátì tí à ń jẹ, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá. Bí òjò bá dé, tí ti ọ̀hún ń tán lọ, ó di góòlù. Ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde pàjáwìrì. Nígbà tí wọ́n tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ fò sókè.

Nílé tiwa, bó bá ti wọ́n, a kì í wá ìkòkò ọbẹ̀ kiri. Ọlọ la máa ń gbé. Ọmọ ìjọ wa kan tó wà ní Texas rí wa lórí fóònù, ló bá pariwo: “Dádì, Mọ́mì, salsa lẹ̀ ń ṣe yẹn o!” Ọbẹ̀ ni salsa túmọ̀ sí lédè Sípéènì. Àwọn ará Mẹ́síkò ní ọlọ tiwọn náà, odó òkúta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní molcajete. Apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún sì ni ata gan-an ti kọ́kọ́ wá, kó tó gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wá wò ó lónìí, àwa là ń sọ pé ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni!

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Tòmátì mẹ́rin tó ṣì le díẹ̀, ata rodo méjì, àlùbọ́sà kékeré kan, iyọ̀, ààbọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́, ewé ẹfinrin díẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, àti ọlọ pẹ̀lú, torí kò ní kan iná. Ẹ fi epo pupa pa ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan rodo. Epo ló ń ká títa ata, omi lásán ò tó o. Ẹ kọ́kọ́ lọ ata pẹ̀lú iyọ̀, kí àlùbọ́sà tẹ̀ lé e, kí tòmátì ṣìkẹyìn. Ẹ má jẹ́ kó kúnná jù. Ẹ fún ọsàn sí i, ẹ já ẹfinrin lé e. Bí ẹ bá ń sun iṣu, ẹ kọ́kọ́ yí tòmátì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyín iná títí awọ rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀. Adùn rẹ̀ yàtọ̀! Ọjọ́ náà ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán.

Kò sí gáàsì, kò sí owó ẹ̀rọ. Tòmátì tí a sè, omi rẹ̀ á gbẹ, á fún pọ̀. Èyí tí a lọ̀ ní tútù, bó ṣe pọ̀ náà la ó jẹ ẹ́.

Tọkọtaya kan wá bá wa (a gbàṣẹ lẹ́nu wọn ká tó kọ eléyìí). Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò tíì bára wọn jẹun. A ò wàásù. A ní kí ìyàwó fọ tòmátì, kí ọkọ jókòó ti ọlọ. Kó tó lọ rodo méjì, òógùn ti bo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyí?” Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti fi iṣu sísun jẹ ẹ́.

Ẹ ka Òwe 15:17. Ìfẹ́ lè sọ ewébẹ̀ lásán di àsè. Ṣùgbọ́n a ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ata bo ebi mọ́lẹ̀ o! Ọkọ tó ní lọ́wọ́ tó ń ṣahun owó ọbẹ̀, kó yáa ronú pìwà dà.

Àdúrà wa ni pé oúnjẹ ò ní wọ́n nílé yín, ìfẹ́ náà ò sì ní wọ́n. Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín.