Ìròyìn Òkun ní Ọjà Ọba

Nígbà kan rí, ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ mọ bí òkun ṣe wà, Ọjà Ọba ni kó lọ. Òkun jìnnà sí òkè Màpó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ nísàlẹ̀ òkè náà gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn alájàpá ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Bí sáwá bá wọ́n, wọ́n á ní òkun ò rọgbọ. Ọ̀rọ̀ náà ń pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ẹni tó bá apẹja sọ̀rọ̀ lójúkojú ló sọ ọ́.

Lónìí, sátẹ́láìtì ló ń wo òkun. Láti ọdún 1978, tí Amẹ́ríkà fi Nimbus-7 ránṣẹ́ sókè, ni ẹ̀rọ ti ń ka àwọ̀ omi. Níbi tí àwọn ewéko tíntìntín tí ẹja ń jẹ bá pọ̀ sí, omi a máa ní àwọ̀ ewé. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń wọn bí omi ṣe gbóná tó. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ ru sókè ní etíkun Gánà, sáwá a sì tẹ̀ lé oúnjẹ débẹ̀. Ìkùukùu òjò kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ yìí ríran dáadáa, ṣùgbọ́n rédà orí sátẹ́láìtì ń ríran kọjá ìkùukùu. Epo rọ̀bì a máa mú ojú omi tẹ́jú, ibẹ̀ a sì dúdú nínú àwòrán. Báyìí ni wọ́n ṣe rí epo tó dànù ní Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun Nàìjíríà, látòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Ayétòrò ló ń dùn mí jù. Ìlú etíkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ni, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì tirẹ̀, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ sókè lọ́dún 2003. Àwòrán kò wọ́n wa mọ́, síbẹ̀ omi ò dúró.

Ní Ọjà Ọba, ẹja inú páálí, kótè àti títọ́ọ̀sì tó ti òkèèrè wá, ló gba iwájú báyìí. Iye owó dọ́là ni ẹlẹ́ja ń béèrè, kì í ṣe ìròyìn òkun. Ó ń ṣe mí bíi pé ohun kan já láàárín wa àti omi. Ní Gánà, Yunifásítì Gánà ń ya àwòrán ibi tí ẹja lè wà fún àwọn apẹja. Mo fẹ́ kí irú rẹ̀ máa dé fóònù apẹja Ìlàjẹ ní èdè rẹ̀, kí alájàpá tún lè gbé e dé Ọjà Ọba pẹ̀lú edé.