Òkúta Tó Lanu

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá rí orúkọ mi nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí yóò máa retí ọ̀rọ̀ lórí oríkì tàbí lórí fonọ́lọ́jì. Ẹ forí jì mí. Òkúta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló rán mi wá sí yunifásítì.

Òkúta ni bàbá mi ń fọ́ jẹ. Ní abúlé wa lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ìró òòlù ló máa ń jí ọmọdé. Àwọn ọkùnrin a máa dáná táyà sórí àpáta mọ́jú kí ojú rẹ̀ lè sán. Àwọn obìnrin a sì máa fi òòlù kékeré rún èyí tó bá ti wó lulẹ̀ títí yóò fi di ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé lè rà. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá fẹ́ kí òkúta là síbi tí òun fẹ́ gan-an, kì í dáná sí i. Yóò gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn, yóò ki irin ṣóńṣó bọ̀ wọ́n, yóò sì máa lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin kí ó tó padà sí ti àkọ́kọ́. Kì í kánjú. Bí irin bá ṣe ń há sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Tí ohùn náà bá ṣàdédé kú, bàbá mi a gbé òòlù sílẹ̀, a ní, "Ó ti gbà." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àpáta náà ló ń dá a lóhùn.

Kí n má purọ́, ojú iṣẹ́ yìí tì mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá pé agbaṣẹ́ṣe ni bàbá mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà. Ní sáà tó kọjá, ó bẹ̀ mí kí n bá òun gbé òkúta dé yàrá àyẹ̀wò wọn. Akọ òkúta ni. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé e róbótó, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 4. Wọ́n wá la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì bí ẹni la obì. Ní àárín ibi tó tẹ́jú, wọ́n fi ayùn la ẹnu tóóró kan sí i, jíjìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Wọ́n gbé e ka orí irin méjì, ẹnu náà kọjú sísàlẹ̀, ẹ̀rọ wá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àpáta lágbàáyé ló gbé ìlànà àyẹ̀wò yìí jáde ní 2014.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń dá ọgbẹ́ sára ohun tí wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe le tó. Ó ní bí a bá ń fa nǹkan ya, agbára tí a fi ń fà á a máa tàn ká gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba inú ihò kọjá. Etí ihò ni yóò yà gbà, ibẹ̀ ni yóò sì kóra jọ sí. Ní 1913, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Inglis ṣírò rẹ̀: bí ihò bá rí róbótó, agbára etí rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta; bí ó bá rí gbọọrọ bí ẹyin tí a tẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìbú rẹ̀, agbára tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ di ìlọ́po mọ́kànlélógún.

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ké pé, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́!" Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Griffith ló tẹ̀ lé Inglis. Dígí ló fi ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, èyí tó gbé jáde ní 1921. Ó ní ẹnu tó wà lára nǹkan kò ní gùn sí i àfi bí agbára tí yóò tú sílẹ̀ níbẹ̀ bá tó san owó ojú tuntun méjèèjì tí yóò ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnu bá fi ìlọ́po mẹ́rin gùn sí i, ìdajì agbára àtijọ́ ti tó láti fọ́ ọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ìṣirò, mo wà lára yín, ṣùgbọ́n èyí yé mi.)

Ọ̀rẹ́ mi bi mí ohun tí a lè pe ìwọ̀n bí òkúta ṣe ń kọ̀ láti là tó, nígbà tó ti lanu tẹ́lẹ̀. Àwọn èdè-ìperí tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka wa kò ràn mí lọ́wọ́. Là, sán, fọ́, kán: a ní ọ̀rọ̀ fún oríṣiríṣi bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́, n kò sì rántí ọ̀kankan fún kíkọ̀ tí ó ń kọ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé bàbá mi a máa ní, "Òkúta yìí lágídí." Mo fún un ní agídí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà á, nítorí nǹkan lè lágbára kí ó má lágídí. Dígí jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ara àwọn tí wọ́n ti fọ́ ṣáájú, ó ti mọ agídí òkúta náà, ó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan bíi kílónútìnì 5 ni yóò fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò jìnnà sí i. Wọ́n dún bí ẹni pa èkùrọ́, wọ́n sì là láti ṣóńṣó ẹnu lọ tààrà sókè. Ìkarùn-ún kò dúró kí àpò sìmẹ́ńtì pé méje. Ó fi ẹnu tí wọ́n là fún un sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ là. Ọ̀rẹ́ mi pòṣé, ó ní èyí kò wọnú ìṣirò. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi.

Ní ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn, bàbá mi gbẹ́ ihò sí àpáta ńlá kan, ó sì fi ibi tí kò léwu han ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí ó dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àpáta là sí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà. Ẹni tó ni ibi ìfọ́kúta ní àìbìkítà bàbá mi ló fà á, ó sì dá owó iṣẹ́ oṣù kan dúró. Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá mi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣì ń fọ́ òkúta, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ "Ó ti gbà" lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo gbé òkúta karùn-ún lọ sílé nígbà ìsinmi.

"Bàbá, ẹ wo èyí."

Ó gbé e sínú oòrùn. Apá kan ojú tó là náà ń dán bí iyọ̀. Apá kejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irin tó dógùn-ún. Ó fi àtàǹpàkò ra apá tó pọ́n náà.

"Ó ti là tẹ́lẹ̀. Omi ti ń wọ ibẹ̀ tipẹ́." Ó dákẹ́. "Báyìí náà ni ti ọjọ́sí ṣe pọ́n nínú."

N kò gbọ́ èyí rí.

"Ọ̀rẹ́ rẹ rí i kí ó tó tẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, bàbá. Ẹ̀rọ náà kò rí i."

"Gbogbo ìwé tó kà náà?"

"Gbogbo rẹ̀, bàbá."

Ó gbé òkúta náà lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí yóò fi jáde, ó ti wọ fìlà.

"Di í sínú ọ̀rá," ó ní, "kí o bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

N kò béèrè ọ̀dọ̀ ta ni. Mo di í, a jáde.