Ahọ́n Tí Mo Fi Ṣe Àmín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi òwe yìí ṣe ẹwà àròkọ. Òde-Ugbò, ní etíkun Ìlàjẹ, ni mo ti wá mọ̀ pé èmi gan-an lè jẹ́ ẹni tí ń yọ ọfà.

Ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Igbókòdá, mo lọ kí ìyá ìyá mi. Ní ilé Màmá, ẹnikẹ́ni kì í jáde láìgbàdúrà òwúrọ̀. Nítorí pé ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ni ó máa ń ka Bíbélì sí wọn létí. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà púpọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, bí ó ti ń kà ni ohùn Ìlàjẹ ń yọ nínú kíkà rẹ̀: ó ń fi 'u' bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé fi 'i' bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá kò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Ṣé Yorùbá nìyí? Ta ló kọ́ ọ ní ìkàkukà yìí?" Ó rọra pa Bíbélì dé. Màmá gbàdúrà, gbogbo wa ṣe Àmín. Tèmi ni ó ròkè jù.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kò wá sórí ẹní. Ó ní òun ń yan ẹja. Màmá kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí n ka Ìwé Jákọ́bù, orí 3. Ibẹ̀ ni Jákọ́bù ti fi ahọ́n wé ìtọ́kọ̀, ohun kékeré tí ń darí ọkọ̀ ńlá. Ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnu tí a fi ń yin Ọlọ́run náà ni a fi ń bú ọmọnìkejì wa. Mo kà á láìṣi ohùn kan pè. Nígbà tí mo parí, Màmá ní, "O kà á dáadáa. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ẹnu mi wọhò. Mo mọ̀ ju ohun tí mo ṣe lọ. Mo mọ̀ pé Yorùbá Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Kì í ṣe ohùn tí ọmọ náà bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè kì í ṣe àṣìṣe. Orúkọ ìlú náà pàápàá, Ugbò, 'u' ló fi bẹ̀rẹ̀! Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, èdè abínibí oníkálùkù ni Ẹ̀mí fi bá a sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ tún ahọ́n ẹnikẹ́ni ṣe.

Kì í rọrùn fún ẹ̀gbọ́n láti bẹ àbúrò. Mo lọ bá a nídìí ààrò, mo ní, "Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín níwájú Màmá. Ohun tí mo ṣe kò dára. Jọ̀wọ́, má bínú." Ó ń yí ẹja padà, kò wojú mi. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Àǹtí." Síbẹ̀, kò wá sórí ẹní ní òwúrọ̀ kejì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ pé kí a má tọ́ ọmọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà ní ibi tirẹ̀, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Bí adúrà wa kò bá tu ahọ́n wa lójú, ta ni yóò gbà pé ó dé ọkàn wa?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, ọmọ náà wá. Ó kà á pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, 'u' rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó parí, mo ṣe Àmín, èyí tí kò ròkè ju ti ẹnikẹ́ni lọ.