Èèkù Ọ̀bẹ Bàbá

Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ àpò tí ń ká sínú èèkù ní 1890, ọkùnrin kan jogún irú ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Igi beech ni èèkù rẹ̀. Bí omi bá wọ igi náà, a máa wú, a sì máa fún irin mọ́nú. Agbára káká ni ọmọ fi ṣí i.

Ó mú sáńpépà, ó fẹ́ fá gbogbo èèkù náà kí ó lè bá ọwọ́ tirẹ̀ mu. Bí ó ti dì í mú, àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sí ojú ibi tí àtàǹpàkò bàbá ti jẹ igi náà wọnú. Ó dáwọ́ dúró. Ohun tí a bá fá kúrò kò ṣeé dá padà.

Ojú ihò tí irin ń wọ̀ nìkan ni ó fá, díẹ̀díẹ̀. Ó fi òróró pa èèkù náà. Ọ̀bẹ ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, ojú ọwọ́ bàbá sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ń tún ogún ṣe, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò fi sílẹ̀.