Ìbínú Ọ̀rẹ́ Kì í Ṣe Ogun

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, orí àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú sá gùn. Ọgbọ́n tó yẹ ọ̀tá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ bá bínú, tí a sá fún un gun orí òkè àwíjàre, a ti sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá nìyẹn.

Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kì í ṣọ̀wọ́n níbi tí a bá ti ń pìtàn ọba. Orúkọ ìdílé Amuṣu àti ti Babagidai wà nínú ìtàn oyè Oníṣábẹ, àwọn òpìtàn sì máa ń so ti Babagidai mọ́ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ní ìpàdé kan, àgbàlagbà kan tó ń pìtàn yìí pe àwọn baba ńlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní “àlejò”. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ náà dìde, ó gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, kò kí i mọ́.

Àwọn ọmọ òpìtàn ní kí bàbá àwọn kó ìwé lọ, kí ó fi hàn pé òótọ́ ni òun sọ. Kò kó ìwé kankan. Obì ló mú lọ, òun nìkan. Ó ní: “Ọ̀rẹ́ mi, sọ bí ó ṣe dùn ọ́ fún mi.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ pẹ́, pẹ̀lú ohùn líle. Òun kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó ní: “Níṣojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ni mo ti sọ ọ́.”

“Òun gan-an ni,” ni ọ̀rẹ́ náà dáhùn. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan obì.

Òpìtàn náà mọ ìdí rẹ̀: gbangba ni a ti ṣẹ̀, gbangba náà ni a ó ti tọrọ àforíjì. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó tọrọ rẹ̀ níwájú tọmọdé tàgbà. Kò yí ìtàn padà. Ó kàn fi kún un pé àwọn baba ńlá tirẹ̀ náà ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí ọ̀nà Ifẹ̀ ni ìtàn ilé wọn tọ́ka sí.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ nílé lóko, ìtàn ilé ẹnìkan ni ẹ ń sọ nígbàkigbà tí ẹ bá ń pìtàn ìlú. Nílé ọ̀rẹ́ náà, wọ́n pa obì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.