Họlidé Wa ní Ìkógòsì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnì kan bá sọ fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé n ó jókòó nínú iyàrá mi ní Òkè-Àdó, tí n ó máa kọ ọ̀rọ̀ nípa họlidé ilé wa fún yín, n ó ní onítọ̀hún ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Láàárín àwa ọmọ yunifásítì, ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai dé ló máa ń ròyìn họlidé. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kó sínú mọ́tò àtijọ́, tó gbé e lọ sí ìdí omi kan nínú igbó Èkìtì, a máa pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Èmi náà sì pa tèmi mọ́ dáadáa.

Fọ́tò kan ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní ilẹ̀ Norway, ló fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá ní ọjọ́ kejì Kérésì tó kọjá. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọlọ́dún márùn-ún ló dúró lórí òkè kan tí òjò dídì ti bò mọ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ funfun bí òwú. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì ń bẹ lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀pá méjì-méjì sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní abúlé kékeré kan ni, tí kò sí ariwo, tí kò sí èrò. Pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tọkọtaya àtọmọ a máa yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wá sísàlẹ̀, bó bá di ọ̀sán wọn a wọ inú ilé onípákó lọ yá iná. Bàbá wo fọ́tò náà títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé owó ni wọ́n san kí wọ́n tó máa ṣubú báyìí?"

Ẹ mọ̀ pé àwa tí a ń kọ́ nípa èdè kì í lè dákẹ́. Mo sọ fún Bàbá pé *ski* tí wọ́n ń pe pákó náà, inú èdè àtijọ́ àwọn ará ibẹ̀ ló ti wá, àti pé igi tí a là ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá ní, "Àwa náà ń la igi. Ọbẹ̀ la fi ń sè."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù náà, ó fi ìka méjì fa ojú ọmọ náà tóbi, ó ní, "Òtútù ń mú ọmọ yìí. Ìkógòsì ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ." Ọdún kẹta rèé tí a ti lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, ìrìn àjò tí kì í ṣe ti òkú tàbí ti ìyàwó ti di ohun tí à ń fojú fò. Àmọ́ bí Màmá ti sọ gbólóhùn yẹn, Bàbá dìde, ó lọ yẹ táyà mọ́tò wò.

Ọdún 2012 la kọ́kọ́ lọ, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ ètè, ọ̀nà ti yá nìyẹn. A ó jí jáde ní Òkè-Àdó kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tó dé, a ó gba Ifẹ̀, a ó gba Iléṣà. Lẹ́yìn Ìtáwúrẹ́ ni òkè Ẹ̀fọ̀n ó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà ó máa lọ́ bí ejò, tí etí ó máa di èèyàn. Níbẹ̀ ni Màmá ti máa ń ṣí fèrèsé. A ó gba Arámọkọ, a ó gba Erìjiyàn, igbó ó sì gbà wá.

Ẹni tí kò bá tíì dé Ìkógòsì rí, ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ lójú. Omi kan ń sun láti ara òkè, ó gbóná; òmíràn ń sun nítòsí rẹ̀, ó tutù. Àwọn méjèèjì ń ṣàn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ igi ńláńlá títí wọn fi pàdé. Níbi tí èyí tó gbóná ti ń sun ni ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ó ti di lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló kọ́kọ́ kọ́ ibùdó sí ìdí omi náà ní 1952, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 1996, ló jogún rẹ̀.

Àwọn tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ máa ń sọ pé ìyàwó ọkọ kan náà ni omi méjèèjì. Pé èyí tó gbóná ni ìyálé, nítorí inú fùfù rẹ̀. Pé òkè tó wà nítòsí ni ọkọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, Màmá a ní ọkùnrin ló pa ìtàn yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àárọ̀ kùtù. Ọyẹ́ a bo orí igi, eyín a máa gbá ara wọn, àwa ọmọ a sì bọ́ sínú odò náà, ooru a gun ìdí wá dé ọrùn, nígbà tí etí wa lókè ṣì tutù bí òkúta. Kò sí iná mànàmáná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nígbà mìíràn, kò sí ibi tí a ń lọ. Bàbá a máa sùn. Màmá a jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi, láti ìlú kan tí kò jìnnà sí Arámọkọ. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ló fi tọ́ gbogbo wa nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìbàdàn ni Bàbá. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún méjìlá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ láti ibi tí a ti lọ gbá bọ́ọ̀lù nítòsí pápá ìṣeré Liberty. Màmá pè mí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọ fún mi pé kí n tètè wá sílé. *Ulé* ló pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pe *ulé, ulé*, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń dìmọ́ra. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, "Màmá, ẹ má bá mi sọ irú èdè yẹn níta mọ́."

Kò bínú. Ó ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ níta, ì báà jẹ́ nínú ilé, èdè Ìbàdàn ni ìyá mi ń bá mi sọ. Ó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ Èkìtì. Bó bá kan èmi, á yí i padà lẹ́nu. Nígbà náà, mo rò pé mo borí.

Mo wá dé yunifásítì, mo yan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ní ọdún kejì wa, wọ́n ní kí oníkálukú lọ kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ jọ láti inú ẹ̀ka-èdè kan. Wọ́n ti kọ́ wa pé kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí fáwẹ̀lì *u* bẹ̀rẹ̀, àmọ́ pé Èkìtì ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọkàn mi yọ̀. Mo gbé ìwé àti gègé lọ bá Màmá, mo ní kí ó bá mi pe orúkọ àwọn nǹkan inú ilé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń pè wọ́n: *ilé, igi, igbá, iṣu*. Mo ní, "Màmá, ti Èkìtì ni mo ń bi yín." Ó ní òun ti pẹ́ ní Ìbàdàn, kò rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ náà, mo sì gba máàkì tó dára, máàkì tí n kò lè fi han ìyá mi.

Ní oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, a dé Ìkógòsì. Ó kù díẹ̀ kí ẹsẹ̀ Bàbá má gbé e dé ìdí omi. Èmi ni mo dì í mú lórí àtẹ̀gùn. A kì Màmá sórí òkúta níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń fi ojú ara rẹ̀ hàn wá láti inú yìnyín, ó sì gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ń fi èdè Norway rojọ́ fún ìyá bàbá rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè kí ó lè rí pákó tó so mọ́ ọn. Màmá náà gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde nínú omi, ó fi hàn án. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn ní Èkìtì pọ́ńbélé, kíá-kíá, bó ti máa ń bá àwọn obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Ó bi í nígbà tí ó ń bọ̀ wá *ulé*. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí fóònù kú, ó rí i pé mo dúró sẹ́yìn òun. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo na aṣọ ìnura sí i, mo ní, "Màmá, ọyẹ́ ti ń pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká máa lọ *ulé*." N kò pè é dáadáa; ohùn mi lọ sókè níbi tí kò yẹ. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó nu èkejì. Ó wá tún ọ̀rọ̀ náà pè fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré, ó sì ní kí n tún un wí.