Mödlareuth: Abúlé Tí Ògiri Là sí Méjì

Abúlé kékeré kan wà ní orílẹ̀-èdè Jámánì tí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Tannbach ni wọ́n ń pe odò náà, ọmọdé sì lè fò ó. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́tàdínlógójì (37), ẹni tó bá fẹ́ sọdá rẹ̀ ní abúlé náà ń fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ni. Kí ló fà á?

Òkúta tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà

Àárín oko àti òkè kéékèèké ni Mödlareuth wà, ní àríwá ìlú Hof. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ Töpen ní ìpínlẹ̀ Bavaria, apá kejì sì wà lábẹ́ Gefell ní ìpínlẹ̀ Thuringia. Lọ́dún 1810, wọ́n ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò náà, láti fi ibi tí ilẹ̀ ọba Bavaria parí sí hàn. Ìlẹ̀ Reuss ló wà ní òdìkejì. Àmọ́ òkúta yẹn kò ya ará àti ọ̀rẹ́. Ilé ìwé kan náà làwọn ọmọ apá méjèèjì ń lọ, ilé ọtí kan náà làwọn bàbá wọn ti ń ṣe fàájì, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn.

Ààlà di ògiri

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ṣẹ́gun Jámánì pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ààlà àtijọ́ yẹn ni wọ́n tẹ̀ lé: Bavaria bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Thuringia bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Soviet. Nígbà tó di ọdún 1949, odò kékeré náà ti pààlà sáàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Lọ́dún 1952, Ìlà Oòrùn Jámánì ti ààlà náà pa. Wọ́n fi pákó ṣe ọgbà, wọ́n sì fipá lé àwọn ìdílé kan kúrò nílé wọn. Lọ́dún 1966, wọ́n mọ ògiri kọnkéré tó gùn ní 700 mítà, tó sì ga ju mítà mẹ́ta lọ. Làwọn sójà Amẹ́ríkà bá ń pe abúlé náà ní “Berlin Kékeré.”

Èyí tó dùn wá jù rèé: ẹni tó wà ní Bavaria lè juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ juwọ́ padà. Ẹ̀yin òbí, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọdé?

Ọ̀nà là

Ní December 9, 1989, oṣù kan lẹ́yìn tí ògiri Berlin ṣí, wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Mödlareuth. Ní June 17, 1990, katakata wó apá kan ògiri náà. Wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí i, ó sì wà lára ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ gogoro.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí ò ju nǹkan bí àádọ́ta (50) lọ. Ẹ má rò pé ààlà ti parẹ́ o! Olórí ìlú méjì ṣì ni wọ́n ní, nọ́ńbà tó ń ṣáájú fóònù wọn yàtọ̀ síra, ìkíni wọn pàápàá yàtọ̀: “Grüß Gott” ní Bavaria, “Guten Tag” ní Thuringia. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ààlà nìkan kọ́ ló ń ya ìdílé, àṣẹ tí wọ́n gbé karí rẹ̀ ni. Òkúta ààlà ṣì wà lẹ́bàá Tannbach, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀.